Ẹkùn Lọ, Orúkọ Kù: Ìtàn Ẹkùn àti Ibùgbé Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọ̀tà

Ìfáàrà

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ṣí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ aláàbò kan ní Ìbàdàn, wọ́n sì pè é ní Àmọ̀tẹ́kùn. Orúkọ náà kò nílò àlàyé. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ẹranko tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ yára, pé ó láyà, pé ẹni tó bá wọ sàkáání rẹ̀ gbọ́dọ̀ fura. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sango-Ọ̀tà ya ẹkùn sórí pátákó, ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹranko pupa tó ní ìlà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ lára. Ẹranko ilẹ̀ Éṣíà nìyẹn. Kò gbé inú igbó Áfíríkà rí. Ẹkùn tí àwọn baba wa mọ̀, tí àwọn ọdẹ ń kì nínú ìjálá, aláwọ̀ tótòtó ni.

Àṣìṣe ọmọ yìí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Òun ni ẹ̀rí pé ẹranko kan ti kúrò nílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ń rìn káàkiri láìní ara tí yóò wọ̀. Ìtàn Ọ̀tà tí a máa ń kà jẹ́ ìtàn àwọn Àwórì àti ìṣílọ wọn, ìtàn àwọn Ọlọ́ta, ìtàn ogun Ẹ̀gbá, ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àti ní àìpẹ́ yìí, ìtàn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ohun tí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ pàdánù kì í sábàá sí nínú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí gbìyànjú láti fi ẹkùn kún ìtàn náà. Èrò wa ni pé ìbọn ọdẹ nìkan kọ́ ló lé ẹkùn kúrò ní Ọ̀tà, kò sì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a kà sí ìlọsíwájú ló gé díẹ̀ lára ibùgbé rẹ̀. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu wa, a kò tètè fura pé ó ti lọ.

Ẹkùn wo là ń sọ?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ orúkọ palẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹkùn ni ẹranko tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Panthera pardus, tí àwọn ọdẹ ń pè ní ògìdán bí wọ́n bá ń yìn ín. Àwọn kan ń pe ẹranko yìí kan náà ní àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn mìíràn sì gbà pé ọ̀tọ̀ ni àmọ̀tẹ́kùn, pé ó kàn jọ ẹkùn lójú ni. Òwe tó sọ pé àmọ̀tẹ́kùn fara jọ ẹkùn ṣùgbọ́n kò lè ṣe bí ẹkùn gbè sẹ́yìn èrò kejì. Ẹni tó pa òwe yẹn ti ní láti mọ ẹranko méjì tí ojú lè ṣì fún ara wọn, kí ó sì mọ èyí tó lágbára jù. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ti fi ẹkùn fún ẹranko onílà ti Éṣíà, wọ́n sì fi àmọ̀tẹ́kùn fún aláwọ̀ tótòtó.

Kì í ṣe ẹkùn nìkan ni irú èyí dé bá. Ìkookò tí àwọn àgbà mọ̀ ni ẹranko òru tó ń fọ́ egungun jẹ, tí igbe rẹ̀ dà bí ẹ̀rín. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì, orúkọ rẹ̀ ni a fún ajá ìgbẹ́ ilẹ̀ òtútù tí ń lé àgùntàn. Ìkookò inú ìwé ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀ báyìí. Ohun tó bá ti kúrò lójú, àlejò a máa gba orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ka àwọn àkójọ ìjálá, irú èyí tí S. A. Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1966, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹranko tí àwọn ọdẹ fojú rí ni wọ́n ń kì níbẹ̀. Wọn kò kì í láti inú àròsọ.

Igbó Ọ̀tà àti iṣẹ́ tí ẹkùn ń ṣe nínú rẹ̀

Láti ìlà-oòrùn Gánà títí dé ilẹ̀ Benin, igbó dúdú ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà já sí méjì. Ilẹ̀ pápá ló wà láàárín, ó sì sọ̀kalẹ̀ dé etí òkun. Níbi tí igbó ti tún bẹ̀rẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn àlàfo yìí ni ilẹ̀ Àwórì wà. Ọ̀tà kò jìnnà sí ibi tí pápá ti ń di igbó. Ìrókò, àràbà, afàrà àti ọ̀pẹ ló wà lórí ilẹ̀ gíga, àbàtà àti igi ọ̀gọ̀rọ̀ sì wà létí odò. Ẹkùn kò kọ èyíkéyìí nínú wọn. Ó lè gbé inú igbó kìjikìji, ó lè gbé pápá, ó sì lè gbé orí òkè olókùúta. Ohun mẹ́ta péré ló ń bèèrè lọ́wọ́ ilẹ̀: ibi tí yóò sá pamọ́ sí, ẹran tí yóò pa jẹ, àti àyè láti dá rìn.

Òun nìkan ni ó máa ń rìn, àfi ìgbà tí abo bá ń tọ́ ọmọ. Òru ló máa ń dẹ̀gbẹ́ jù. Kì í lé ẹran jìnnà, ṣe ni ó máa ń ba dè é, kí ó tó fò mọ́ ọn. Ẹran tí kò tóbi jù tí kò sì kéré jù ló wù ú: ẹtu, ìgalà, ọmọ ìmàdò, òòrẹ̀, ọ̀yà, ọ̀bọ. Bí ó bá rí i pé àwọn mìíràn lè já ẹran gbà lọ́wọ́ òun, ó lè wọ́ ọ gun orí igi. Ó ń fi ìtọ̀ àti èékánná sàmì sí ara igi kí ẹkùn mìíràn lè mọ ààlà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kọjá kí ó pa ẹran kan jẹ. Ẹran tó ń ṣàìsàn tàbí tó ti rẹ̀ ló tètè ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn ẹran tó ń jẹ ewé dúró pẹ́ lójú kan, nípa bẹ́ẹ̀ irúgbìn igi ń ráyè hù. Àjẹkù rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún igún, fún ẹtà àti fún kòkòrò. Nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, àwọn olùwádìí rí i pé àwọn ọ̀bọ kan ní igbe ọ̀tọ̀ fún ẹkùn, wọ́n sì ní igbe ọ̀tọ̀ fún ẹyẹ idì. Ọ̀bọ tó bá gbọ́ igbe ti ẹkùn mọ̀ pé ilẹ̀ ni ewu wà, èyí tó bá gbọ́ ti idì mọ̀ pé òkè ni. Bí ẹranko kan bá lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ń pa jẹ, a lè mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú ayé igbó tó.

Ẹkùn láàfin

Bí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú igbó ló wọ inú ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ọdẹ tó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ pín in bí ẹran ìyókù. Ààfin ni wọ́n ń gbé e lọ, ọba ló sì ni awọ. Ní Benin, ẹkùn jẹ́ àpẹẹrẹ agbára Ọba, wọ́n sì ń fi idẹ àti eyín erin ṣe àwòrán rẹ̀. Ní Dàhómì, ìdílé ọba Abomey gbà pé àtọmọdọ́mọ ẹkùn ni àwọn. Ibi yòówù kí a yà sí láàárín odò Ọya àti odò Mono, ẹkùn àti adé wà pọ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé kan rí èyí bí òfin ìdáàbòbò ẹranko tí àwọn baba wa ṣe. Èrò náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Òfin pé kí a gbé awọ fún ọba kò ní kí a má pa ẹkùn. Ohun tó ń sọ ni ẹni tó ni òkú rẹ̀. Oyè tún ń bẹ fún ògbójú ọdẹ tó bá ṣe é. Ohun tó dáàbò bo ẹkùn gan-an yàtọ̀ sí èyí. Èkíní ni ewu tó wà nínú dídẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà, èyí tí ọdẹ kò lè yìn lẹ́ẹ̀mejì kí ẹkùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni igbó orò, igbó òrìṣà àti igbó etí odò, níbi tí a kì í dá oko. Ẹ̀kẹta, tó ga jù, ni pé igbó pọ̀ ju ènìyàn lọ. Nígbà tí ẹ̀kẹta yìí yí padà, méjì àkọ́kọ́ kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ogun, ojú irin àti kòkó

Ìyípadà náà kò bẹ̀rẹ̀ bí a ti lè rò. Ogun ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún tú àìmọye abúlé Ẹ̀gbá ká, àwọn tó ṣẹ́kù sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ní nǹkan bí 1842, ogun Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà fúnra rẹ̀. Ibi tí ogun bá ti lé àgbẹ̀, oko a di ìgbòrò, ìgbòrò a di igbó. Ọ̀yà àti ẹtu a pọ̀ sí i níbẹ̀, ẹni tó ń jẹ wọ́n náà a sì tẹ̀ lé wọn. A lè sọ nígbà náà pé ìparun ìlú fún ẹkùn láyè fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú, síbẹ̀ bí igbó ti ń ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Igbó tí àwọn òyìnbó amúnisìn bá lẹ́yìn ogun, tí wọ́n sì pè ní igbó àtayébáyé, ti jẹ́ oko ènìyàn rí ní ọ̀pọ̀ ibi.

Lẹ́yìn 1893 tí ogun àárín Yorùbá rọlẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ó gba Agége, Àgbádó àti Ìjòkó kọjá, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ọ̀tà nìyẹn. Kí ojú irin tó dé ni àwọn oníṣòwò Èkó ti ń gbin kòkó ní agbègbè Agége. J. P. L. Davies ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1880, J. K. Coker sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn kòkó ni obì gbilẹ̀.

Kòkó kò gé igbó bí ọkọ̀ katakata ti ń gé e. Àgbẹ̀ a máa fi igi ńlá díẹ̀ sílẹ̀ fún òjìji, ẹni tó bá ń wò láti òkèèrè lè pè é ní igbó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti mọ́. Ìgbòrò tí ẹkùn ń ba sí kò sí mọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ ti pọ̀, àwọn alágbàṣe sì ń dẹ pàkúté fún ẹran ọbẹ̀. Ẹran tí ì bá jẹ́ ti ẹkùn ń wọ ọjà Èkó nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹkùn tí ebi bá pa, ewúrẹ́ àti ajá abúlé ló kàn. Bí ó bá ti gbé ewúrẹ́, ọdẹ a dìde sí i. Bí ó ti sábà máa ń parí nìyẹn: oúnjẹ ni a kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbọn dé.

Ní àsìkò kan náà, ìjọba amúnisìn ń pa ààlà yí àwọn igbó kan ká. Olókeméjì wà lára àwọn àkọ́kọ́, ní 1899. Ṣùgbọ́n nítorí gẹdú àti igi ìdáná ni, kì í ṣe nítorí ẹranko. Ẹgbẹ́ Èkó, tí ilẹ̀ ti ń wọ́n, kọ́ ni irú ààlà bẹ́ẹ̀ ti ṣe ẹkùn láǹfààní.

Láti oko dé ilé-iṣẹ́

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilẹ̀ tó bá Èkó pààlà di ohun ọrọ̀ rẹ̀ tó tóbi jù. Ilé-iṣẹ́ tí kò ráyè ní Ìkẹjà ráyè ní Ọ̀tà àti Agbára. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń gbé Sango, Ìjòkó, Ìyànà Ìyẹsí àti àwọn àdúgbò tó yí wọn ká. Ní 1989, wọ́n so Ọ̀tà pọ̀ mọ́ Ado-Odò di ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ìkànìyàn 2006 rí 526,565 ènìyàn lórí ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 878 kìlómítà níbùú lóròó.

Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà yìí wé ohun tí ẹkùn ń fẹ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní igbó Taï láàárín ẹ̀wádún 1990, akọ ẹkùn kan ń lo nǹkan bí 86 kìlómítà níbùú lóròó. Àwọn abo méjì ń lo nǹkan bí 22 àti 29. Bí gbogbo ilẹ̀ Ado-Odò/Ọ̀tà bá jẹ́ igbó dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sí ilé kan níbẹ̀, tí akọ kan kò sì wọ ilẹ̀ èkejì, akọ bíi mẹ́wàá péré ni ilẹ̀ náà yóò gbà. Nítorí náà, kò sí ìgbà kan tí ẹkùn pọ̀ ní Ọ̀tà. Ẹranko tó wà lórí gbogbo ẹranko, díẹ̀ ni iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Kò di dandan kí ọdẹ pa ọgọ́rùn-ún kí irú rẹ̀ tó run. Bí a bá pa márùn-ún, tí títì bá sì gba àárín ìyókù kọjá débi pé akọ kò lè rí abo mọ́, ó ti tán nìyẹn, bí àgbàlagbà kan tilẹ̀ ṣì ń rìn kiri fún ọdún bíi mélòó kan sí i.

Òfin dé lẹ́yìn èyí. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1985 lórí òwò àwọn ẹranko tó fẹ́ parun ka ẹkùn mọ́ àwọn tí a kò gbọdọ̀ dẹ. Ní Ọ̀tà, ẹranko tí òfin náà ń dáàbò bò kò sí nílẹ̀ mọ́ láti jàǹfààní rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹkùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ológbò bá ti rè àjò, ilé a di ilé èkúté. Ìwádìí ti fi hàn pé òwe náà bá igbó mu. Ní Gánà, láàárín 1968 sí 2004, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìgbẹ́ ka ẹranko ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìpamọ́. Bí kìnnìún àti ẹkùn ti ń pòórá, irú ọ̀bọ ńlá kan tó ń rìn lágbo ń pọ̀ sí i. Àwọn ọ̀bọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ẹran kéékèèké jẹ, wọ́n ń ya wọ oko, ó sì di pé àwọn ọmọ kan ní láti fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣọ́ oko.

Ti Ọ̀tà yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ẹran tí ẹkùn ń jẹ kò ráyè pọ̀, nítorí ènìyàn gba ipò ẹkùn, ó sì jẹ ju bí ẹkùn ti ń jẹ lọ. Ẹtu àti ìgalà tẹ̀ lé ẹkùn. Àwọn tó lè fara mọ́ ènìyàn ló kù: òkété, èkúté orí ààtàn, ọ̀yà nínú koríko etí odò Atuwara, àti ajá tí kò ní olówó. Ẹkùn a máa jẹ òkété bí kò bá rí ẹran mìíràn, ènìyàn náà a sì máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jẹ ajá ìgboro àti èkúté ààtàn ní Sango.

Ṣé ilé-iṣẹ́ àti ìlú ńlá kò wá lè bá ẹkùn gbé ni? Ìlú Mumbai ní Íńdíà dáhùn ìbéèrè náà. Ọgbà ìpamọ́ kan tó fẹ̀ tó 104 kìlómítà níbùú lóròó wà láàárín ilé àwọn ará ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ẹkùn sì ń gbé inú rẹ̀. Lóru, wọ́n máa ń jáde wá pa ajá ìgboro. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹkùn ti pa ènìyàn rí. Ṣùgbọ́n ó fi yé wa pé ariwo ọkọ̀ àti iná mànàmáná kọ́ ló ń pa ẹkùn run. Ohun tó ń pa á run ni kí ó má ku igbó kan ṣoṣo tí a kò fọwọ́ kàn. Mumbai fi ọ̀kan sílẹ̀, Ọ̀tà kò fi sílẹ̀.

Ìkádìí

Ní 2016, àjọ tó ń ṣàkójọ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu lágbàáyé gbé ẹkùn sókè sí ipò ewu tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwádìí ọdún kan náà sọ pé kò ju ìdámẹ́rin sí nǹkan bí ìdámẹ́ta ilẹ̀ tó ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára ibi tí ọ̀ràn náà ti le jù. Ọ̀kan lára ibi tó ṣì wà nítòsí ilẹ̀ Yorùbá ni àríwá orílẹ̀-èdè Benin, ní ọgbà Pendjari àti W, níbi tí òun àti kìnnìún ṣì ń gbé.

A kò dá a lábàá pé kí a dá ẹkùn padà sí Sango. Ẹ̀kọ́ tí ìtàn Ọ̀tà kọ́ wa wúlò fún ibòmíràn nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Igbó Ọmọ, tí ìjọba pààlà sí ní 1925, tí UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977, ṣì ní erin nínú. Gẹdú gígé àti oko kòkó ń jẹ ẹ́ láti etí wá sí àárín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jẹ igbó Ọ̀tà. Bí a bá dúró dìgbà tí àwọn ọmọ yóò máa ya erin inú ìwé nìkan, ìtàn kan náà ni a ó tún kọ, orúkọ ẹranko nìkan ni yóò yí padà.

Iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ ti àwa onímọ̀ èdè àti ìtàn. Àwọn àgbà ọdẹ tó ṣì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹkùn àti àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n mọ orúkọ ìró rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ibi tó fẹ́ràn láti ba sí, kò pọ̀ mọ́. Kí a gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ igbó àti odò tí wọ́n ti dẹ̀gbẹ́. Kí àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè dá ẹkùn padà fún aláwọ̀ tótòtó, kí wọ́n sì wá orúkọ mìíràn fún àlejò láti Éṣíà. Ìyẹn kò ní dá ẹranko náà padà sí Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹkùn gbé ilẹ̀ òun rí lè béèrè ohun tó lé e lọ.